Ẹ yẹ síkóòpù àpò yín wò kí ẹ tó pààrọ̀ firmware rẹ̀

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan tó ń tún inverter àti amplifier ṣe ní Sábó, ní Ìkòròdú, kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra síkóòpù àpò kan (ẹ̀rọ kékeré tó ń ya ìgbì iná sójú síkírínì), DSO Quad tí wọ́n tún ń pè ní DS203, lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Nǹkan méjì ló ń dùn mí lára rẹ̀. Ìlà chánẹ́ẹ̀lì B (àbáwọlé kejì) kì í dúró sórí òdo, kódà nígbà tí próòbù rẹ̀, ìyẹn wáyà tí a fi ń kan ohun tí a fẹ́ wọ̀n, kò kan nǹkan kan. Bí mo bá sì fi próòbù ×10 wo ìgbì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń gbé jáde, èjìká ìgbì náà máa ń rọ̀ dípò kó mú ṣáṣá. Ọ̀rẹ́ mi ní firmware rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ inú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, ló ti gbó. Mo gbé e lọ sí bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà, a kó fáìlì tuntun sí i, ṣùgbọ́n ìparí orúkọ fáìlì náà yí padà sí .ERR. Ẹ̀rọ náà ṣì ń tàn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí láti tún fọwọ́ kàn án. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni? Ṣé kí n tún gbìyànjú?”

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kò tíì ba nǹkan kan jẹ́, màá sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí fáìlì rárá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú ẹ̀sùn méjì tí ẹ fi kan ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan kò kan firmware rárá, èkejì sì lè má jẹ́ àléébù kankan, nítorí pé ọ̀nà tí ẹ gbà yẹ̀ ẹ́ wò kò tọ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí síkóòpù rẹ̀ ń sọ kí ó tó pààrọ̀ firmware kò ní lè mọ̀ lẹ́yìn náà bóyá èyí tuntun tún un ṣe ni tàbí ó dá kún ìṣòro rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù yín kúrò. IC kan tí wọ́n ń pè ní STM32F103 ni ọpọlọ DSO Quad. Ó ń sáré ní 72 MHz, ó sì ní 256 KB mẹ́mòrì tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í pa rẹ́ bí iná bá kú. Wọ́n pín mẹ́mòrì yìí sí yàrá yàrá. Yàrá àkọ́kọ́, tó fẹ̀ tó 16 KB, ni DFU ń gbé, ìyẹn àṣẹ kékeré kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó gba fáìlì tuntun wọlé lọ. Yàrá tó tẹ̀ lé e jẹ́ 32 KB, ti SYS ni, èyí tó ń bá síkírínì, bọ́tìnnì àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá APP mẹ́rin wà, 32 KB ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn àṣẹ tó ń ya ìgbì tí ẹ ń rí ń gbé, lẹ́yìn wọn ni ti FPGA, IC kejì tó ń kó àwọn ìwọ̀n jọ kíákíá kí ọpọlọ tó gbà wọ́n. Nígbà tí ẹ bá di bọ́tìnnì àkọ́kọ́ mú, èyí tí wọ́n ya àmì ▷|| sí, tí ẹ sì tan ẹ̀rọ, DFU ni ẹ jí. Á hàn lórí kọ̀ǹpútà bíi fílaàṣì, ẹ ó kó fáìlì sínú rẹ̀, DFU á ka àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì náà, á sì kọ ọ́ sí yàrá tó tọ́ sí. Bí ó bá gbà á, ìparí orúkọ fáìlì á di .RDY, bí kò bá gbà á, á di.ERR. DFU kì í kọ nǹkan sórí yàrá tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí náà bí APP bá tilẹ̀ bàjẹ́ pátápátá, ilẹ̀kùn tí ẹ ó gbà wọlé láti tún un kọ ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ yín tó ṣì ń tàn fi hàn pé kò tilẹ̀ débẹ̀.

Ní báyìí, kí ni firmware lè tún ṣe? Ó lè tún bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣírò ìwọ̀n ṣe, bí ó ṣe ń dá ìgbì dúró sójú kan, bí àwọn àṣàyàn ṣe tò lójú síkírínì, àti bí ó ṣe ń fi àwòrán pamọ́. Kò lè tún rẹsítọ̀ àti kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ṣe, kò lè tún próòbù ṣe, kò sì lè fi kún agbára IC tó ń sọ fóòtì di nọ́ńbà, nítorí 8-bit ni IC náà, àtẹ̀gùn 256 péré ló ní láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá ń retí kí firmware mú kí ẹ̀rọ yìí ka ìyàtọ̀ 1.503 àti 1.507 fóòtì ń béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ mú ìwé kan àti bírò, kí ẹ sì gbé fóònù tó ní kámẹ́rà sítòsí, torí pé ohunkóhun tí ẹ bá rí lónìí ni ẹ ó fi wé ti ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ firmware. Ẹ fi bátìrì síkóòpù náà sí cháàjì kó kún. Nígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ ya fọ́tò àwọn nọ́ńbà tó máa ń yọ lójú síkírínì: ti ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ti SYS, ti FPGA àti ti APP. Mo ti rí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tó pààrọ̀ firmware láìmọ nọ́ńbà èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn dojú rú, wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá padà sí.

Ó kan ọ̀rọ̀ chánẹ́ẹ̀lì B. Ẹ sọ pé ìlà rẹ̀ kì í dúró sórí òdo nígbà tí próòbù kò kan nǹkan kan. Níbẹ̀ ni ẹ ti ṣe àṣìṣe. Àbáwọlé ẹ̀rọ yìí ní 1 MΩ, próòbù tí ẹnu rẹ̀ sì wà ní òfìfo sára irú àbáwọlé bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí eriali. Yóò gbé gbogbo ìgbì iná 50 Hz tó ń fò kiri nínú ṣọ́ọ̀bù yín láti ara wáyà iná, inverter àti cháàjà fóònù, ìlà náà kò sì ní dúró síbì kan. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi ẹnu próòbù kan klíìpù áàtì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé òdo gan-an ni ẹ fún un. Ẹ ṣe èyí fún A, ẹ ṣe é fún B, ẹ sì gba gbogbo ìpele fóòtì kọjá, láti 20 mV fún àpótí kan (àwọn àpótí kéékèèké tí ìlà pín ojú síkírínì sí) dé 10 V, kí ẹ máa kọ ibi tí ìlà bá dúró sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí B bá yẹ̀ díẹ̀ ní iye kan náà ní gbogbo ìpele, ìṣètò òdo ló nílò, èyí sì wà nínú APP, a ó dé ibẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ gan-an ní ìpele kan ṣoṣo tí àwọn yòókù sì dára, ẹ fura sí ẹ̀yà ara tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele náà, firmware kò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn òdo, ẹ fún un ní fóòtì tí ẹ mọ̀. Bátìrì rìmóòtù tuntun máa ń wà láàárín 1.5 sí 1.6 fóòtì, bátìrì 9 fóòtì náà dára. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó fi síkóòpù wọ̀n ọ́n ní chánẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyàtọ̀ kékeré láàárín méjèèjì dà yín láàmú. Ìyàtọ̀ tó ń tóbi bí ẹ bá ṣe ń lọ láti ìpele kan sí èkejì ni kí ẹ sàmì sí.

Ẹ̀sùn kejì yín ló dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ lọ sí bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà kankan. Próòbù ×10 kì í ṣe wáyà lásán. Rẹsítọ̀ ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó ń pín fóòtì sí mẹ́wàá pẹ̀lú 1 MΩ inú ẹ̀rọ, kapásítọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá kapásítọ̀ àbáwọlé mu. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, apá ìgbì tó ń yára kò ní kọjá bí èyí tó ń lọ́ra ṣe ń kọjá. Bí ti inú próòbù bá kéré jù, èjìká ìgbì onígun mẹ́rin á rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, èjìká náà á yọ ìwo sókè kó tó wálẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára próòbù, yálà ní ìdí rẹ̀ tàbí ní ọwọ́ rẹ̀, tí ẹ lè fi sìkúdíráfà oníke yí. Irin kò dára, nítorí pé irin àti ọwọ́ yín fúnra wọn á dá kún ìwọ̀n kapásítọ̀ náà nígbà tí ẹ bá ń yí i, ẹ ó rò pé ẹ ti rí i, bí ẹ bá ti gbé e kúrò báyìí, èjìká á tún rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé ìgbì onígun mẹ́rin 1 kHz jáde, ẹ fi próòbù wò ó, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí orí ìgbì yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ṣe próòbù A pẹ̀lú chánẹ́ẹ̀lì A, próòbù B pẹ̀lú B, kí ẹ sì fi téèpù sàmì sí wọn, torí pé àbáwọlé méjèèjì kò rí bákan náà gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá yí i dé òpin tí èjìká kò sì gún, a jẹ́ pé kapásítọ̀ tó ṣeé yí nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló kù. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ṣí i bí kì í bá ṣe pé ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbì 1 kHz tí ẹ̀rọ ń gbé jáde dára fún wíwo èjìká, ṣùgbọ́n kò dára fún wíwo àkókò. Aago inú ẹ̀rọ kan náà ló ń darí ìgbì tó ń jáde àti ìwọ̀n tó ń wọlé. Bí aago náà bá ń sáré jù, méjèèjì á jọ sáré, òǹkà á sì bára mu gẹ́lẹ́. Ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀ ni. Ẹ wá ẹlẹ́rìí láti ìta. Fóònù yín tó fún iṣẹ́ yìí: áàpù tó ń dún ohùn kan ṣoṣo pọ̀, ẹ ní kó dún 1,000 Hz, ẹ mú wáyà láti ihò etí rẹ̀ wá sí àbáwọlé. Yíyípo kan gbọ́dọ̀ gba 1 ms. Bí ẹ bá ṣètò àpótí kan sí 200 µs, ìgbì kan á gba àpótí márùn-ún. Àwọn kan máa ń lo iná ìjọba dípò fóònù nítorí pé wọ́n gbọ́ pé 50 Hz ni; bí iná ìjọba ṣe ń lọ sókè sódò níbí, èmi kò ní fi í ṣe aago.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbì iná ìjọba bó ti wù kó rí, nítorí pé inverter niṣẹ́ yín, ẹ gbà á láti ẹ̀yìn tiransfọ́mà tó ń sọ ọ́ di 12 fóòtì. Fóòtì 12 tí mítà ń kà yẹn máa ń ga tó 17 ní góńgó rẹ̀, ó di bíi 34 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ̀rọ yìí sì gbà tó 80 pẹ̀lú próòbù ×1. Ṣùgbọ́n 230 fóòtì tó ń jáde nínú inverter ga tó 325 ní góńgó, 650 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀rọ̀ fóòtì nìkan kọ́ sì ni. Irin etí ihò tí próòbù ń wọ̀ jẹ́ áàtì ẹ̀rọ, ọwọ́ yín sì wà nítòsí rẹ̀. Bí okùn USB bá tún so ẹ̀rọ mọ́ laptop tó wà lórí cháàjì, áàtì náà ti bá ti kọ̀ǹpútà pàdé. Ẹni tó bá fi klíìpù áàtì bẹ́ẹ̀ kan ojú iná inverter yóò gbọ́ ariwo. Nígbàkígbà tí ẹ bá ń yẹ pátákó inverter wò, ẹ yọ USB kúrò, kí síkóòpù máa lo bátìrì tirẹ̀, ẹ má sì kúrò ní apá tí fóòtì rẹ̀ kéré.

Ohun kan tún máa ń mú kí àwọn ènìyàn dá firmware lẹ́bi láìtọ́. Ẹ̀rọ yìí lè mú ìwọ̀n mílíọ̀nù 72 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n 4,096 ìwọ̀n péré ni ó lè tò pamọ́ fún chánẹ́ẹ̀lì kan. Bí ẹ bá ṣètò àkókò sí èyí tó lọ́ra, yóò dín ìsáré rẹ̀ kù kí àyè má bàa tán. Ẹ wá fún un ní ìgbì tó yára nígbà náà, yóò fi ìgbì mìíràn tó lọ́ra hàn yín, tó dán, tó gún régé, tí kò sì sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ abẹ̀bẹ̀ òkè àjà ṣe máa ń dà bí ẹni pé ó ń yí sẹ́yìn lábẹ́ iná fulọ́rẹ́sẹ́ǹtì. Nítorí náà, ibi tí àkókò ti yára jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbì onígun mẹ́rin ni yóò yọ onígun mẹ́rin: ẹ̀rọ náà lè gbé e jáde dé 8 MHz, ṣùgbọ́n àbáwọlé rẹ̀ ti máa ń gé igun rẹ̀ kúrò kí ó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ sì rí i pé ohun kan ṣì wà tí firmware lè tún ṣe, ẹ jẹ́ kí a wá sí orí .ERR. Ibi méjì ni mo fura sí, fáìlì náà fúnra rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tí ẹ lò.

Fáìlì .HEX, irú fáìlì tí firmware APP àti SYS máa ń wà nínú rẹ̀, kì í ṣe awo. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi Notepad ṣí i kí ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ìlà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì kólọ́nì, ìlà tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ :00000001FF. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já nígbà tí ẹ ń wà á jáde, ààbọ̀ fáìlì lẹ fún DFU. Èyí ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo fi òru ọjọ́ kan gbáko ṣí ẹ̀rọ oníbàárà, mo sì dì í padà, kó tó di pé mo wo ìdí fáìlì, tí mo rí i pé ìlà tó kẹ́yìn gé láàárín.

Ẹ tún wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àdírẹ́sì yàrá tó ń lọ wà. Ìlà àkọ́kọ́ ló ń sọ àdúgbò, èkejì ló ń sọ ilé. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá jẹ́ :020000040800F2, tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú :10C000, yàrá APP àkọ́kọ́ ló ń lọ, ìyẹn 0800C000. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú :104000, SYS ni, kì í ṣe APP, ohun yòówù kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá jẹ́ :020000040801F1, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú :104000, yàrá APP kejì nìyẹn, 08014000. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹlẹ́rìí ìlà náà: bí ẹ bá ro gbogbo nọ́ńbà ìlà pọ̀, méjì méjì, títí kan òun náà, òdo méjì ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn àròpọ̀ náà. Òǹkà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń lò níbẹ̀, A dúró fún 10, B fún 11, títí dé F tó jẹ́ 15. Nínú :020000040800F2, 02 àti 04 àti 08 di 0E. Ẹ fi F2 kún un, ó di 100.

Ìdí tí mo fi ń rin kinkin mọ́ àdírẹ́sì ni pé yàrá APP mẹ́rin ló wà, ẹ kò sì nílò láti pa èyí tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́ kí ẹ tó gbìyànjú tuntun. Bí ẹ bá rí firmware tí wọ́n ṣe fún yàrá kejì, ẹ kó o síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kàn tan ẹ̀rọ, APP àkọ́kọ́ yín àtijọ́ á jí. Nígbà tí ẹ bá di bọ́tìnnì kejì mú kí ẹ tó tàn án, tuntun á jí. Ẹ lè wo ìgbì kan náà pẹ̀lú méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ṣáá: àwọn firmware kan tí àwọn olóye kọ fún ẹ̀rọ yìí tóbi ju 32 KB lọ, yàrá kan kò gbà wọ́n, wọ́n á wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Fáìlì .HEX tí yàrá kan gbà kì í sábà ju bíi 90 KB lọ lójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé báìtì 16 ń gba lẹ́tà bíi 45 nínú rẹ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yàrá méjì ló fẹ́ gbà.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé ẹ̀rọ yìí padà lọ sí bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà. Fílaàṣì tí DFU ń fi ara rẹ̀ hàn bíi pé ó jẹ́ kì í ṣe fílaàṣì tòótọ́. Ẹnu ọ̀nà tóóró ni, ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé ni ó máa gbìyànjú láti kà bíi firmware. Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń ki fílaàṣì bọ̀, kò sí bí kò ṣe ní ní fáírọ́ọ̀sì tó máa ń fi ara rẹ̀ sórí ohunkóhun tí a bá fi kàn án. Èyí tí kò tilẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì, Windows tuntun a máa dá fóldà System Volume Information sórí fílaàṣì láìbèèrè, Mac náà a máa kọ àwọn fáìlì ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀, Linux a sì máa kó ohun tí ẹ fẹ́ kọ jọ, kó tó wá kọ ọ́ nígbà tó wù ú, àfi bí ẹ bá lo mount pẹ̀lú sync, àṣẹ tó ń mú kó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Laptop àtijọ́ tó ń lo Windows XP, tí àwọn ènìyàn ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni ọ̀rẹ́ DFU jù lọ. Laptop ni mo sì wí, nítorí iná. Síkóòpù ní bátìrì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò kú láàárín iṣẹ́ bí iná bá lọ. Àwa tí à ń gbé nítòsí Egbin, níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́fà wà tí wọ́n kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti pèsè 220 MW, la mọ̀ pé sísún mọ́ orísun kò ní kí iná má lọ.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ fáìlì kúrú, kó má ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, kó má sì ní àlàfo nínú. Ẹ kó o ní ẹyọ kan. Fílaàṣì náà á pòórá, á tún yọjú. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí.RDY kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. APP nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí APP tuntun bá ń béèrè SYS tuntun, ẹ gba méjèèjì láti inú àkójọ kan náà, SYS ni kó ṣíwájú. FPGA ni ẹ fi sílẹ̀ jù, nítorí pé fáìlì .BIN rẹ̀ kò ní àdírẹ́sì nínú bíi ti .HEX, ẹ ní láti kọ́kọ́ kó fáìlì kékeré kan tó ní ìparí.ADR sínú rẹ̀, tí ohun kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 0802C000, kí DFU lè mọ ibi tí yóò gbé .BIN tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fi .BIN ṣáájú .ADR ti fi ẹrù ránṣẹ́ láìkọ àdírẹ́sì sí i. Bí SYS àti APP bá ń bá FPGA tó wà níbẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí ìjà, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí .RDY bá ti yọ, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yín, kí ẹ tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe bí ẹ ṣe ṣe é tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú bátìrì kan náà, fóònù kan náà àti próòbù kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ṣe ìṣètò òdo tó wà nínú APP, kì í ṣe ṣáájú, nítorí pé firmware tuntun lè má mọ àwọn nọ́ńbà ìṣètò tí èyí àtijọ́ fi pamọ́, tàbí kó túmọ̀ wọn sódì. Yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ so àbáwọlé mọ́ áàtì, yóò sì wá béèrè fóòtì tí ẹ mọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Bátìrì, rẹsítọ̀ méjì tàbí mẹ́ta àti mítà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ti tó láti pèsè wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òdo tí ẹ ṣètò nígbà tó tutù máa ń yẹ̀ bí ó bá ti gbóná. Bí chánẹ́ẹ̀lì B kò bá wá padà sórí òdo lẹ́yìn ìṣètò yìí, pẹ̀lú APP àtijọ́ àti tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà ìpele tó ti yẹ̀ jù ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ mọ ẹ̀yà ara tí a ó yẹ̀ wò nínú ẹ̀rọ.